Kámẹ́rà Tí Kì Í Rí Èèyàn

Ìwé a máa mu omi inú afẹ́fẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣínu ààwẹ̀. Bó bá ti mu ún yó, á ká jọ. Àwọ̀ pupa á gun orí àwọ̀ búlúù, oníbàárà á sì ní òun ò gba kàlẹ́ńdà mọ́. Adéjìmí ti ń tẹ̀wé ní òpópónà Bajulaiye láti ayé ológun, ìjọba alágbádá padà wá bá a níbẹ̀, ó mọ ohun tí ọ̀rinrin ń bà jẹ́. Ìdí nìyẹn tí Ọmọ́ṣaléwá, ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun, fi fi ẹ̀rọ kékeré kan ránṣẹ́ sí i. Apá kan á wà níta, á máa wo ooru àti ọ̀rinrin. Apá kejì á wà nínú ṣọ́ọ̀bù, á máa fi nọ́ńbà hàn: bí ọ̀rinrin bá ṣe pọ̀ tó ni nọ́ńbà á ṣe ga tó. Kò sí wáyà láàárín wọn.

Saheed, òṣìṣẹ́ rẹ̀, ki bátìrì bọ méjèèjì, wọ́n sì mọ ara wọn.

“Abẹ́ òrùlé la ó gbé e kọ́ o, Ọ̀gá, kí oòrùn àti òjò má bà á.”

“Níta, Saheed? Ní Ṣómólú yìí? Ohun tó bá sùn níta níbí, kì í jí síbẹ̀.”

Ó fi tìta sínú agolo mílíìkì, ó fi àgádágodo tì í. Lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rọ tinú fọ́jú, irin agolo ò jẹ́ kó gbọ́ ohùn tìta mọ́. Saheed rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Wọ́n bá gbé e kọ́ sábẹ́ òrùlé.

Iná pupa kan ń ṣẹ́jú lára rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àdúgbò ti sọ ọ́ di kámẹ́rà. Adéjìmí ṣírò ó: bí òun bá sọ òótọ́, wọn á jí i, bí òun bá dákẹ́, kò ná òun ní nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n bi í, ó ní, “Kò sí ohun tí kì í rí.” Ni Ẹgbẹ́ Onílé bá fi í sínú ìgbìmọ̀ ààbò.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi jí wáyà iná àdúgbò. Ẹkúndayọ̀, Alága Ẹgbẹ́ Onílé, kó èrò wọ ṣọ́ọ̀bù.

“Baba Ọmọ́ṣaléwá, ẹ fi olè náà hàn wá.”

Kí Adéjìmí tó la ẹnu, Alága ti bẹjú wo ẹ̀rọ tinú. 91 ló wà lójú rẹ̀.

“Náíntí-wọ̀n! Ilé Japhet ni!”

Japhet, apẹja ará Ìlàjẹ, ni wọ́n wọ́ dé. “Alága, ẹ gbọ́ mi, ojú ọ̀sà ni mo sùn lánàá!”

“Ẹ̀rọ òyìnbó kì í parọ́!”

Ẹnì kan ti ń bèèrè táyà àti bẹntiróòlù. Adéjìmí figbe ta:

“Ọ̀rinrin ni! Kì í ṣe nọ́ńbà ilé! Omi inú afẹ́fẹ́ ló ń wò, kì í rí èèyàn. Èmi ni mo parọ́!”

“Èló ló fún yín?” ni Alága wí. “Àbí ẹja ló fún yín?”

Adéjìmí sáré jáde, ó já ẹ̀rọ tìta wálẹ̀, ó fi àkísà tútù wé e, ó gbé e síwájú wọn. “Ẹ máa wo tinú.”

Wọ́n ń wò ó. 92. 93. Ó dúró díẹ̀, ó tún gòkè, ó sì fìdí kalẹ̀ sórí 95.

Èrò tẹjú mọ́lẹ̀. Japhet nìkan ló gbójú sókè, Alága ló sì ń wò. Ilé Alága, tó ní géètì gíga, ni 95.

Alága wúkọ́. “Ẹ fi Japhet sílẹ̀,” ó ní, “omi ló pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ lónìí.”