Ojú Ìyá Mi Nínú Ilé Ìdáná

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ìyá mi fi mí ṣe ojú wọn. Ní Ìkòsí ni, nínú agboolé bàbá mi, nígbà tí oko ṣì yí wa ká, tí a ṣì ń pọn omi lódò. Lọ́dún yẹn ni ìjọba ní kí gbogbo ọmọdé wá kàwé lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń na ọwọ́ kọjá lórí, bóyá á kan etí kejì, kí olùkọ́ lè gbà wọ́n. Ọwọ́ tèmi ti ń kan etí tipẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tó yẹ kí n lọ forúkọ sílẹ̀, ìyá mi pè mí wọ ilé ìdáná, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

“Wò mí lójú. Kí lo rí?”

Mo rí nǹkan funfun kan bí eérú lórí ẹyinjú wọn. Mo sọ bẹ́ẹ̀.

“Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí mi ò rí iná mọ́, àfi ooru rẹ̀ tí mò ń mọ̀ lára. Bàbá rẹ ò gbọdọ̀ gbọ́. Ìyàwó kékeré ò gbọdọ̀ gbọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá mọ̀ pé mi ò lè dáná mọ́, mo di ẹrù nínú ilé yìí. Ṣé o gbọ́?”

Mo ní mo gbọ́. Bí mo ṣe wọ ilé ìdáná nìyẹn.

Wọ́n sọ fún bàbá mi pé ó yẹ kí ọmọbìnrin mọ ọbẹ̀ sè kó tó mọ ìwé. Bàbá mi ò jiyàn. Àwọn àbúrò mi ọkùnrin méjèèjì ló lọ sílé ìwé.

Etí ni ìyá mi fi kọ́ mi. Bí mo bá ń lọ ata lórí ọlọ, wọ́n á dẹtí: “Kò tíì kúnná, mo ṣì ń gbọ́ kóró rẹ̀.” Bí epo bá wà lórí iná, wọ́n á ní kí n má wò ó, kí n gbọ́ ọ. Mo mọ ìgbà tí ohùn ògì ń ki, tó ń di ẹ̀kọ. Kí ọdún tó yí po, mo ti mọ oúnjẹ sè ju àgbà mìíràn lọ, mo sì kórìíra gbogbo rẹ̀. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, orí ọmọdé ò lè gba ibẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ ni mo ti ń wo àwọn ọmọ tó ń kọjá tàwọn ti síléètì lọ́wọ́. Bí mo bá dákẹ́ pẹ́, ìyá mi á béèrè pé, “Igi wo lo kì bọ iná?” Kì í ṣe igi ni wọ́n fẹ́ mọ̀. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé mo ti lọ.

Lọ́jọ́ kan, ara mi ò gbà á mọ́. Bàbá mi gba àlejò méjì láti Ajégúnlẹ̀, wọ́n wá sọ̀rọ̀ ilẹ̀. Lẹ́yìn tí ìyá mi ti tọ́ ọbẹ̀ ẹja wò, mo bu iyọ̀ ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta sí i. Mo rò pé bí mo bá ba oúnjẹ jẹ́, wọ́n á ní mi ò wúlò, wọ́n á lé mi lọ sílé ìwé.

Àlejò kan fi òkèlè kan ẹnu, ó tu ú sílẹ̀.

“Ta ló se ọbẹ̀ yìí?” Bàbá mi pariwo.

“Èmi ni,” ìyá mi dáhùn, wọ́n kúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ mi ló ṣì.”

Wọ́n nawọ́ láti kó àwo náà kúrò. Ọwọ́ wọn kọjá àwo. Wọ́n ń fọwọ́ táràrà lórí ẹní, gbogbo wa ń wò wọ́n, ìyàwó kékeré náà dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Bàbá mi rẹ ohùn sílẹ̀. “Ìyá àwọn ọmọ, àwo ò sí níbẹ̀.”

Mo sáré lọ kúnlẹ̀ tì wọ́n. “Bàbá, èmi ni mo da iyọ̀ sí i.”

Bàbá mi ò nà mí. Lọ́jọ́ kejì wọ́n pè mí. Mo ti ń retí ìtúsílẹ̀, àṣírí ṣáà ti tú. Wọ́n ní, “Ìwọ ni ojú ìyá rẹ. O ò lè lọ síbì kankan.” Ohun tí ìyá mi fi ẹ̀bẹ̀ gbé lé mi lórí, bàbá mi sọ ọ́ di àṣẹ. Ìyàwó kékeré tí a ń sá fún ò fi ìyá mi ṣẹ̀sín rí. Òun ló wá ń bá wa ṣẹ́gi.

Ọdún mẹ́wàá ni mo lò níbẹ̀, kí n tó relé ọkọ, níbi tí ilé ìdáná mìíràn ti ń dúró dè mí.

Ọmọbìnrin mẹ́ta ni mo bí. Èyí tó bá yọjú sílé ìdáná nínú wọn, màá fi orógùn lé e: “Ìwé rẹ ńkọ́?” Gbogbo wọn kàwé. Kò sí èyí tó lè ro ẹ̀kọ kó má ṣe kókó. Àkọ́bí mi ń ra oúnjẹ sínú ike ní Kétu, á gbé e wá fún mi lọ́jọ́ Àìkú. Láìpẹ́ yìí ló ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi ní mọ́ínmọ́ín eléwé.” Ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní àádọ́ta ọdún, kò sẹ́ni tó lè há a mọ́ ibì kankan mọ́. Mo sọ fún un pé ẹsẹ̀ ń dùn mí, mi ò lè dúró nídìí iná. Irọ́ ni.