Láfún Tí Mo Rà fún Òwìwí

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, láfún kọ́bọ̀ mẹ́wàá á tó ọkùnrin méjì jẹ yó, á tún ṣẹ́kù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní ọjà Ṣàngótẹ̀dó, ẹgbẹ̀rún méjì náírà ni mo kó sílẹ̀ fún kóńgò kan, obìnrin tó ń tà á sì tún ń wò mí bí ẹni pé mo jà á lólè. Kò mọ̀ pé n kò fẹ́ fi ro ọkà. Òwìwí ni mo rà á fún.

Ẹyẹ náà ti kú kí n tó bí ọmọbìnrin tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Ajah yìí. Ó fò kọlu fèrèsé yàrá ẹ̀kọ́ wa, àwa mẹ́rin tí a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹranko sì gbé e. A bó awọ rẹ̀ tìyẹ́tìyẹ́, a fi iyọ̀ àti álọ́ọ̀mù pa inú rẹ̀ kó má baà jẹrà, a ki òwú sí i, a rán an pa. Nígbà tí ẹ̀ka wa ń da irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nù, mo gbé e sá lọ. Láti ìgbà náà, ibi tí mo bá sùn ló ń sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ra láfún yẹn, ẹgbẹ́ àdúrà ọmọ mi pàdé nílé wa. Ọ̀kan nínú wọn yọjú sí yàrá mi, ó figbe ta.

"Bàbá! Ẹyẹ àjẹ́ rèé! Ẹ wo bó ṣe ń wò mí!"

"Ìlẹ̀kẹ̀ lojú ẹ̀," mo ní. "Bó bá ń wò ẹ́, a jẹ́ pé o rẹwà."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo jáde lọ gẹrun ni wọ́n da odindi ìgò òróró àdúrà lé ẹyẹ mi lórí. Mo dé, mo bá a bí adìẹ tí òjò pa, àyà rẹ̀ tó funfun ti pupa rúsúrúsú. Bí òróró bá pẹ́ lára ìyẹ́, eruku ni yóò máa kó, kòkòrò á sì tẹ̀ lé e.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n sun ún," ọmọ mi ní. "Wọ́n ní àwọn á wá gbé e lọ́la. Kí ni gbogbo ẹ́sítéètì á máa sọ?"

"Kí wọ́n máa sọ ọ́. Bó bá jáde nílé yìí, àwa méjèèjì la jọ ń jáde."

"Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

"N ò tíì bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá ti ọjà dé, gbé dráyà irun ẹ wá."

Mo fi ọṣẹ ìfọṣọ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ìyẹ́ náà, mo bu láfún lé e kó fa òróró tó kù mu, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbọ̀n ọ́n dànù, mo tún bu òmíràn lé e. Ọmọ mi dúró tì mí, ó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí i, ó ń kùn. Nígbà tó yá, kò kùn mọ́. Ó ní kí n rọra ṣe abẹ́ apá ẹyẹ náà.

Nígbà tí àwọn aládùúrà dé lọ́jọ́ kejì, mo ti gbé àga sí ẹnu ọ̀nà, òwìwí wà lórí itan mi, láfún kún síńgílẹ́ẹ̀tì mi.

"Bàbá, ẹ gbé nǹkan yẹn fún wa."

"Ẹ wọlé wá gbà á lọ́wọ́ mi."

Kò sẹ́ni tó wọlé. Ọmọ mi sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn mi: "Ẹ má bínú. Ti dádì mi ni."

Wọ́n lọ. N kò gbé e padà sí yàrá. Pálọ̀ ni mo gbé e sí, níbi tí àlejò yóò ti kọ́kọ́ rí i. Ọmọ mi fọwọ́ kan ikùn ẹyẹ náà wò.

"Dádì, ta ló rán ibí yìí? N ò rí ibi tí abẹ́rẹ́ gbà."

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó wà láàárín àwa mẹ́rin ni. Ó ti kú. Ọ̀kan tó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín nídìí iṣẹ́ náà ti kú. Ẹnì kẹta wà láàyè lókè òkun, ṣùgbọ́n kò dá ohùn mi mọ̀ mọ́. Èmi ṣì wà.