Ọjọ́ Tí Ìjọba Ka Agbádá Bàbá Mi Mọ́ Ọjà Ilé Iṣẹ́

Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín léèrè pé ilé iṣẹ́ aṣọ wo ni kò dá òṣìṣẹ́ kankan dúró nígbà tí sójà gbàjọba, tí ọ̀wọ́ngógó sì gba gbogbo ìlú, ẹ sọ fún un pé ilé tèmi ni. Yàrá méjì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ní Ìbẹ̀rẹ̀kò, lọ́nà Àgbádárìgì. Ó wà nínú ìwé ìjọba. Èmi gan-an wà nínú rẹ̀, ohun tí wọ́n sì kọ mí sí níbẹ̀ ń bí mi nínú títí di òní.

Akọ̀wé ni mí tẹ́lẹ̀, níbi iṣẹ́ ìjọba kan. Mo máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, mo máa ń so táì. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan wọ́n pè wá jọ, wọ́n ní gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní láti fún bẹ́líìtì mọ́nú, nítorí náà kí àwa kan máa lọ sílé. Bẹ́líìtì ta ni wọ́n ń fún? Tèmi kọ́! Mo fi ìṣó gbígbóná dá ihò tuntun sí i lára, mo tún dá òmíràn, títí etí bẹ́líìtì fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yí mi ká dé ẹ̀yìn. N kò sọ fún àwọn ará ilé ní Èkìtì. Èmi ni àkọ́bí bàbá mi, èmi ni wọ́n fi ń yangàn pé ọmọ àwọn wà l'Ékòó. Ṣé èmi náà ni màá kọ̀wé sílé pé mo ń jókòó ti ìyàwó?

Ìyàwó mi ló ń bọ́ wa. Ìyá Ìbejì, ọmọ Ọ̀yọ́, ìdílé àwọn tó ń hun òfì ni wọ́n ti bí i. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí ló gbé sórí tábìlì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí bọ́dà Sẹ̀mẹ̀ ṣì ṣí, aṣọ ń wọlé fàlàlà láti Kùtọnu. Ìgbà tí àwọn sójà ti bọ́dà pa, aṣọ di àwátì, èyí tó bá sì yọ́ wọlé, fàyàwọ́ ni. Ni ìyàwó mi bá dojú kọ ògbólógbòó aṣọ. Kọ́là tó bá ti gbó, á tú u, á yí inú rẹ̀ síta, á rán an padà, á sì dà bíi tuntun. Ṣòkòtò mi di ṣòkòtò àwọn ìbejì. Ṣẹ́ẹ̀tì akọ̀wé mi di bùláòsì fún ìyá oníbùrẹ́dì. Lọ́jọ́ kan mo gbójú sókè, mo rí i tó ń wo táì mi.

"Ìyá Ìbejì, kí lò ń wò?"

"Kò sí o, Bàbá Ìbejì. Mo kàn ń rò ó pé ó máa dára létí àpò ni."

Aṣọ kan ṣoṣo ni mo ní kó má dán an wò: agbádá sányán tí bàbá mi fi sílẹ̀. Àwọn ẹbí ti dá ọjọ́ ìrántí bàbá, ọjọ́ Sátidé kan báyìí, ó sì kù díẹ̀. Nílé wa, àkọ́bí ló máa ń wọ agbádá olóògbé lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, òun ló ń ṣíwájú àwọn ọmọ yòókù wọ agbo. Bí wọn kò bá rí aṣọ náà lọ́rùn rẹ̀, wọ́n á ní ó ti tà á jẹ, ọ̀rọ̀ náà kò sì ní kúrò lára rẹ̀ mọ́ láyé. Mo mú ìyàwó mi búra pé sísọ́ọ̀sì kò ní kan agbádá yẹn.

"Sísọ́ọ̀sì kò ní kàn án," ó wí. Ó búra tọkàntọkàn.

Ọ̀sẹ̀ ìrántí yẹn gan-an ni ìjọba dé bá wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, ó gbé páálí ìwé sábẹ́ apá, eruku ti pa bàtà rẹ̀ dà. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni pé kó lọ ka àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pèsè nǹkan, kó kọ ohun tí wọ́n ń ṣe jáde. Àti Àràdàgún ló ti ń bọ̀, àgbọn àti ẹja nìkan ló sì ń bá pàdé. Ọ̀gá rẹ̀, sójà, ti sọ pé ẹni tó bá padà lọ́wọ́ òfo, kó má wulẹ̀ padà mọ́. Ó wá bi onílé wa bóyá ó mọ ilé iṣẹ́ kankan ládùúgbò. Onílé wa, ìyá àgbàlagbà kan, ọmọ Ègùn, tó fẹ́ràn láti máa yangàn, ní, "Ilé iṣẹ́ kẹ̀? Inú ilé mi ló wà! Etí yín ò gbọ́ bó ṣe ń dún ni?"

Bó ṣe wọlé tọ̀ wá wá nìyẹn. Ó jókòó, ó mu omi, ó bẹ̀rẹ̀.

"Màmá, ẹ̀rọ mélòó ló wà nílé iṣẹ́ yín?"

"Èyí tí ẹ ń wò yìí ni."

"Kí ló ń gbé e ṣiṣẹ́? Iná mànàmáná ni àbí jẹnẹrétọ̀?"

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. "Iná? Níbí yìí? Ọwọ́ ni a fi ń yí i, ọ̀gbẹ́ni."

"Ọwọ́ ta ni?"

Ó nawọ́ sí mi. Òótọ́ ni pé bí apá bá ń ro ó, èmi ni mo máa ń bá a yí i. Ọ̀gbẹ́ni náà wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó sì kọ nǹkan sílẹ̀. Mo na ọrùn. Níbi tí wọ́n ti ń bèèrè ohun tó ń gbé ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, ohun tó kọ síbẹ̀ ni: ọkọ.

Inú bí mi burúkú burúkú. "Ọ̀gbẹ́ni, akọ̀wé ìjọba ni mí o! Kí wọ́n tó bí ẹ dáadáa ni mo ti ń tẹ òǹtẹ̀!"

"Ẹ má bínú, bàbá. Ṣé kí n kúkú kọ yín mọ́ àwọn òṣìṣẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni! Kọ mí mọ́ òṣìṣẹ́."

"Èló ni ilé iṣẹ́ ń san fún yín lóṣù?"

Mo wo ìyàwó mi. Òun náà wò mí. "Oúnjẹ ni wọ́n ń jẹ," ó dá a lóhùn wẹ́rẹ́. Ọ̀gbẹ́ni náà sì kọ mí sábẹ́ òṣìṣẹ́ tí kì í gbowó, kò sì pa ibi tó kọ mí sí lákọ̀ọ́kọ́ rẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wà nínú ìwé náà, mo jẹ́ èèyàn, mo tún jẹ́ jẹnẹrétọ̀.

Ó kan kọ́là. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá kọ́là tí a yí jẹ́ ọjà tuntun tàbí àtúnṣe, nítorí pé ibì kan náà kọ́ ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Èmi ní àtúnṣe ni. Ìyàwó mi ní, "Bí ẹni tó ni ín bá wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣé wọn ò ní kí i pé ó kú aṣọ?" Onílé wa láti ẹnu ọ̀nà ní wọ́n á kí i. Ọ̀gbẹ́ni ronú títí, ó ní, "Tuntun nìyẹn." Lójú ẹsẹ̀ náà ni a di ilé iṣẹ́ tó ń ṣe aṣọ tuntun jáde láìra aṣọ.

"Ohun èlò yín ńkọ́? Aṣọ tí ẹ fẹ́ rán, níbo lẹ ti ń rí i?"

"Lára ọkọ mi."

"Bí ó bá tán ńkọ́?"

"Ìhòòhò ni wọ́n á wà, kí la tún fẹ́ ṣe?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ tábìlì, ó sọ ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Òun àti ọ̀gá òun ń padà bọ̀ lọ́jọ́rú. Ilé iṣẹ́ tí ọ̀gá bá rí ohun èlò nílẹ̀ níbẹ̀, tó jẹ́ ti ilẹ̀ wa, orúkọ rẹ̀ á wọ ibi tí wọ́n á ti máa pín òwú àti aṣọ ìjọba fún un. Èyí tí kò bá ní, wọ́n á kọ ọ́ pé ó ti kógbá wọlé. "Ẹ jọ̀ọ́, màmá, kó má ṣe jẹ́ aṣọ fàyàwọ́ o. Ẹ̀yin nìkan ni mo rí."

Mo gbàgbé ọ̀rọ̀ ọ̀hún. Lọ́jọ́rú mo lọ wá àgbọn tí màá gbé lọ sílé fún ìrántí. Ìgbà tí mo padà, mo bá ìyàwó mi nídìí tábìlì. Agbádá bàbá mi ti di ìlà gbọọrọ gbọọrọ, ó tò wọ́n sílẹ̀ bí ẹja tí wọ́n sá sóòrùn.

Ẹni tó bá mọ aṣọ òfì bíi sányán mọ̀ pé kì í fẹ̀ lórí igi tí wọ́n fi ń hun ún. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún, wọ́n á wá máa rán ìlà kan mọ́ ìkejì títí yóò fi fẹ̀ tó agbádá. Ẹni tí wọ́n bí sídìí òfì lè tú u padà sí bó ṣe wà kó tó di aṣọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ lónìí. Lọ́jọ́ yẹn, àgbọn já bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Ìyá Ìbejì! O pa mí! Sátidé ni, o pa mí!"

"Sísọ́ọ̀sì kò kàn án," ó wí. "Réésà ni. Òwú ni mo gé, n kò gé aṣọ. Ẹ tú gbogbo ilé yìí, òun nìkan ni aṣọ tí kò gba Kùtọnu kọjá. Bí wọ́n bá ti lọ tán, màá rán an padà."

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ọ̀gá sójà bá wọlé, ọ̀gbẹ́ni wa sì tẹ̀lé e lẹ́yìn bí ẹni ń gbàdúrà. Ọkùnrin gbàǹgbà ni ọ̀gá náà. Nínú gbogbo ìlú, bẹ́líìtì tirẹ̀ nìkan ni n kò rí i pé ó fún. Ó fọwọ́ pa àwọn ìlà náà lẹ́yọ lẹ́yọ.

"Níbo lèyí ti wá?"

"Ọ̀dọ̀ wa l'Ọ́yọ̀ọ́ ni wọ́n ti hun ún, sà. Sányán ni."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Ìyàwó mi ní, "Agbádá, sà." Kí ló tún fẹ́ sọ?

"Ó dáa. Mò ń lọ sí Sẹ̀mẹ̀. Bí mo bá ń padà bọ̀ lọ́la, mo fẹ́ rí agbádá náà. Kò sí ẹni tó máa fi irọ́ sínú ìwé mi."

Bí ìjọba ṣe kó wa sẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn. Ìyàwó mi ń rán, èmi ń yí ẹ̀rọ. Mò ń yí i, mò ń bínú, bí mo bá sì ti bínú jù, ẹ̀rọ á sáré jù, ìyàwó mi á ní, "Ẹ rọra o, Bàbá Ìbejì, ẹ má fa òwú já." Kò sí bí mo ṣe lè jiyàn mọ́ pé èmi kọ́ ló ń gbé e ṣiṣẹ́. Nígbà tí ó rán an tán lọ́jọ́ kejì, tí a fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́, onílé wa wò ó, ó ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ọkàn mi balẹ̀. Ó ku kí ọ̀gá wò ó, kí n sì wọ mọ́tò lọ sílé.

Ọ̀gá dé, ó wò ó, ó sì yí i síwá sẹ́yìn. Ó ní iṣẹ́ dára. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: agbádá, ẹyọ kan, wọ́n pèsè rẹ̀. Ó wá ní òun á mú un lọ s'Ékòó, kí àwọn ọ̀gá òun rí àpẹẹrẹ ohun tí ilé iṣẹ́ wa ń ṣe.

Ta ni yóò sọ fún sójà pé àpẹẹrẹ náà ti bàbá mi ni? Bí mo bá sọ, irọ́ ti wọ ìwé rẹ̀ nìyẹn, ọ̀gbẹ́ni kékeré yẹn ti pàdánù iṣẹ́, bóyá àwa náà á sì sùn sí bárékè. Bí mo bá dákẹ́, Sátidé ti bà jẹ́. Mo wo ìyàwó mi, ilẹ̀ ló ń wò.

Ọ̀gá kò lè pa á mọ́ra, ó bọ́ fìlà sójà, ó gbé agbádá sórí. Orí wọlé. Èjìká ló kọ̀. Ó fà á síbí, ó fà á sọ́hùn-ún, agbádá há mọ́ ọn láyà, apá rẹ̀ méjèèjì wá nà síta bíi ti aṣọ́komásùn. Ọ̀gbẹ́ni wa yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Irú agbádá rádaràda wo nìyí?" ọ̀gá pariwo láti inú rẹ̀. "Ìwọ̀n ta lẹ fi rán an?"

Ohùn tí ìyàwó mi fi dáhùn kéré. "Ti ọkọ mi ni, sà."

Ọ̀gá wò mí. Ó bọ́ agbádá, ó jù ú sórí tábìlì, ó ní òun kò lè gbé aṣọ ọmọdé lọ bá àwọn ọ̀gá òun. Wọ́n lọ. Mo fò mọ́ ìyàwó mi, mo ní ọgbọ́n rẹ pọ̀, àṣé o ti mọ̀ pé yóò fẹ́ gbé e lo ṣe dín in kù! Ó ń kó òwú nílẹ̀ ní tirẹ̀.

Ní Sátidé mo wọ agbádá bàbá mi wọ agbo ní Èkìtì. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ń wọ̀ ọ́ wò nínú yàrá, ńṣe ló máa ń yọ̀ kúrò lára mi, tí màá máa ká a sí èjìká tí yóò máa já bọ́. Lọ́jọ́ yẹn ó jókòó pẹ̀sẹ̀. Àbúrò bàbá mi obìnrin, arúgbó kùjọ́kùjọ́, fọwọ́ kàn mí láyà, ó ní, "Ọmọ mi, Èkó tọ́jú rẹ. Bí aṣọ yìí ṣe bá ọ mu, kò bá bàbá rẹ mu tó bẹ́ẹ̀." Aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Wọ́n kí aṣọ náà títí, kò sẹ́ni tó rántí bi mí léèrè iṣẹ́.

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Nígbà tí a padà sí Ìbẹ̀rẹ̀kò, mo ní kí Ìyá Ìbejì sọ òótọ́ fún mi. Ó ṣí àpótí rẹ̀, ó mú àwọn ìlà sányán tí ó yọ kúrò jáde, ó ti ká wọn pọ̀ dáadáa, ó fi aṣọ funfun wé wọn.

"Mi ò mọ̀ pé sójà máa wọ̀ ọ́," ó wí. "Mò ń wò yín láti ọjọ́ yìí. Ẹ ti rù. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí i nílé."

Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, mo sunkún.

Òwú ìjọba kò dé títí ìjọba sójà náà fi lọ. Onílé wa fi kún owó ilé, ó ní ilé iṣẹ́ ni a ń gbé, kì í ṣe yàrá. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan mo ríṣẹ́ padà, òórùn ẹran sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ilé, mo sì tú bẹ́líìtì mi sí ihò kan sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan mo wọlé, mo bá agbádá lórí tábìlì, ìyàwó mi ti tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń rán ìlà kan padà sí i. Ìlà kan péré.

Mo ní, "Àwọn tó kù ńkọ́?"

Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ lọ jẹun ná."