Fùfú Tí Kò Rùn

Nígbà tí mo ṣì ń gbé ilé bàbá mi ní Ìlá, tí mi ò tíì tó ẹni tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ lọ̀, mo jókòó ti oúnjẹ olùkọ́ wa kan. Mo gbé òkèlè fùfú àkọ́kọ́ mì. Mo gbé ìkejì súnmọ́ imú, n kò gbọ́ òórùn kankan. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù tó bà mí lójú ẹsẹ̀ yẹn kò tíì kúrò lára mi tán títí dòní.

“Tíṣà, kí ló dé tí fùfú yín kò rùn?”

Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ tirẹ̀ tán. Ó rẹ́rìn-ín. “Mo fọ̀ ọ́ dáadáa ni. Ẹ̀yin ni ẹ kì í fọ tiyín.”

Agùnbánirọ̀ ni, òkè ọya ni wọ́n ti gbé e wá kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí pé mùsùlùmí ni, bàbá mi tó jẹ́ télọ̀ fún un ní yàrá kan nínú ilé wa, kí ó má baà máa dá kírun. Òun ló kọ́kọ́ jẹ́ kí a mọ̀ pé máàkì àròkọ kì í ṣe ohun tí olùkọ́ ń fi ojú ṣírò. Kí a tó mú bírò ló ti kọ òṣùwọ̀n rẹ̀ sí pátákó: kókó ọ̀rọ̀, ètò, èdè tó já gaara, ìwé tó mọ́. A fẹ́ràn rẹ̀ fún èyí, torí ní ti àwọn olùkọ́ mìíràn, bí inú bá ń bí wọn, máàkì a lọ sílẹ̀.

Ó wá ní kí oníkálukú kọ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ kan nílé rẹ̀, pé èyí tó bá gba máàkì jù, òun yóò sè é jẹ. Ọmọbìnrin kan tí a jọ ń jókòó, tí ìyá rẹ̀ ń ta fùfú, ló gba gbogbo máàkì. Ó kọ ọ́ pé: ẹ fa ẹ̀gẹ́ tu, ẹ bó o, ẹ gé e, ẹ kó o sínú omi, ẹ fi ọwọ́ fọ́ ọ, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ ro ó lórí iná. Gbogbo wa ka á, a pàtẹ́wọ́. Ọmọ Ìlá wo ni kò mọ̀ pé ẹ̀gẹ́ a wà nínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, títí yóò fi rọ̀, tí òórùn rẹ̀ yóò gba agbolé? Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn tíṣà ní òkè ọya, wọ́n ń se ẹ̀gẹ́ jẹ bí iṣu ni. Ó kó ẹ̀gẹ́ oko ilé-ẹ̀kọ́, irú tó korò, tó ń pani bí kò bá pẹ́ nínú omi, sínú omi, ó ṣàn án. Ó rí i pé ó le ju ohun tí ọwọ́ lè fọ́ lọ, ó bá rin ín, ó sì gbé e kaná.

Mo fi òkèlè kejì sílẹ̀, mo sáré pe ìyá mi. Ó fi ìka tọ́ fùfú náà wò, ó yíjú sí tíṣà.

“Tíṣà, ìgbà wo lẹ rẹ ẹ̀gẹ́ yìí?”

“Láàárọ̀ yìí ni, màmá.”

“Ta ló kọ́ yín?”

Ó nawọ́ sí ìwé ọmọ náà lórí tábìlì. “Ẹni tó gba máàkì jù.”

Ibi tó ti ń sọ ọ́ ló ti di orí mú, ó ní ilẹ̀ ń yí òun. Èébì ló tẹ̀lé e. Èmi náà bì, ṣùgbọ́n tèmi mọ níbẹ̀. Kí bàbá mi tó rí ọkọ̀ tí yóò gbé tíṣà lọ sí ọsibítù, kò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọbìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, kò wọlé. “Ṣé tíṣà ti kú?” Mo ní rárá. Ó yí padà. Ojoojúmọ́ ló ń wá bi mí bẹ́ẹ̀. Ní kíláàsì, wọ́n ti ń pè é ní Agbamáàkì-pa-tíṣà.

Nígbà tí tíṣà padà, ó ti rù, ó ń di tábìlì mú. Ó pe ọmọbìnrin náà, ọmọ náà dìde.

“Jókòó. Mi ò ní gba máàkì rẹ padà. Òṣùwọ̀n tèmi ni kò pé.”

Ó kọ ìlà karùn-ún sábẹ́ mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀: Ṣé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí lè fi ṣe é láìséwu? Ó pín ìwé wa fún wa pé kí a fi ìyẹn wọn ara wa. Kò sí ẹni tó yege.

Láìpẹ́ yìí, ọmọ mi gbé àròkọ tirẹ̀ wálé, pẹ̀lú òṣùwọ̀n tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà onílà. Fùfú ló kọ nípa rẹ̀. Mo wá rírẹ níbẹ̀, n kò rí i. Mo bi í pé ìgbà wo ni wọ́n rẹ ẹ̀gẹ́.

“Màámi, inú ọ̀rá la ti ń bù ú. Omi gbígbóná nìkan la máa dà sí i.”

Òótọ́ ló sọ. Wọ́n ti ń tà á ní ìyẹ̀fun báyìí, àìrùn rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń polówó. Mo mọ̀ pé kò léwu. Ara mi ni kò gbà á, torí òórùn ló lé ẹ̀rù kúrò nílé wa nígbà yẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí tíṣà padà sí kíláàsì, ìyá ọmọbìnrin yẹn gbé fùfú gbígbóná wá fún un nílé wa. Ọmọ náà dúró lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó dorí kodò. Tíṣà bu òkèlè, ó gbé e sí imú, ó pẹ́ níbẹ̀, ó fa ojú ro.

“Ó ń rùn.”

“Ó ń rùn dáadáa, tíṣà,” ni ìyá náà dáhùn.

Ó gbé e mì. Ó bu òmíràn. Ọmọ náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún.