Onípákó Bódìjà Tó Ń Sá fún Abẹ́rẹ́

Làmídì Onípákó ga débi pé ó ní láti tẹrí ba kó tó lè wọ ilé ìwòsàn wa ní Àgbowó. Pákó ló ń tà ní Bódìjà, ohùn rẹ̀ sì le ju ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la igi lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ fa oògùn sínú abẹ́rẹ́ lójú rẹ̀, ojú fèrèsé ló gbà jáde.

Nọ́ọ̀sì ni mí nígbà náà, ní àárín àwọn ọdún 1980, ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú ikọ́ ife. Kòkòrò ló ń fa ikọ́ yìí. Inú afẹ́fẹ́ ló ń gbà ran ẹlòmíràn. Dókítà wa máa ń sọ pé kò sí orílẹ̀-èdè tí kì í ti í pààyàn, àti pé gbogbo ayé ló ń bá a jà. Wọ́n á wá kọjú sí mi: "Nọ́ọ̀sì, ipa tiwa ni pé kí aláìsàn má sá."

Ká tó mọ̀ pé ikọ́ ife ni, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ la máa ń yẹ̀ wò. Mo ti fún Làmídì ní ike kékeré kan, mo ní bó bá jí, kó wúkọ́ gbé e wá láti ìsàlẹ̀ àyà. Itọ́ ló kún inú ike náà dé ẹnu nígbà tó gbé e dé.

"Nọ́ọ̀sì, ó ti kún," ó ní, inú rẹ̀ ń dùn. "Ìyàwó mi náà bá mi dá sí i."

A tún un ṣe, kòkòrò sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Abẹ́rẹ́ ojoojúmọ́ fún oṣù bíi méjì, lẹ́yìn náà oògùn oníhóró fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìgbà tó gbọ́ "ojoojúmọ́" ni fèrèsé wọ̀ ọ́ lójú.

Ọmọ rẹ̀ kan ṣì ń mu ọmú, inú yàrá kan náà ni gbogbo wọn sì ń sùn. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n lè jókòó. Mo wọ takisí lọ sí Bódìjà. Mùkáílà, tó ń bá a la igi, ló pàdé mi.

"Ọ̀gá yín ńkọ́?"

"Ọ̀gá ti lọ sí Ìṣẹ́yìn, mà."

Kò tíì pa ẹnu dé tí ikọ́ fi bú jáde lẹ́yìn òkìtì pákó.

"Ìṣẹ́yìn ò mà jìnnà mọ́," ni mo wí.

Làmídì yọjú, lẹ́búlẹ́bú igi kún irùngbọ̀n rẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, ẹ mú pákó tó bá wù yín, kí ẹ ṣáà fi ìdí mi sílẹ̀."

"Kí ni kí n fi pákó ṣe? Ṣé kí n fi kan pósí yín ni?"

Gbogbo àwọn tó ń la igi níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Làmídì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ó lè pa mí lóòótọ́?"

"Ó lè pa yín. Ó sì lè ran ọmọ ọwọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ó lóògùn."

Ó dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Sikírá, obìnrin tínńtín kan, ló fà á lọ́wọ́.

"Ẹ gún un," obìnrin náà ní. "Mo bí ọmọ mẹ́rin, mi ò gba ojú fèrèsé."

Làmídì di ojú. "Yéè! Ó ti wọlé!"

"Bàbá Sikírá, mi ò tíì fọwọ́ kàn yín."

Igbe yẹn lé àwọn aláìsàn tó wà níta sá. Mo tún ní láti lọ wá àwọn yẹn náà.

Ó gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ tán, ó lo oògùn rẹ̀ tán. Lọ́jọ́ tí àyẹ̀wò fi hàn pé kòkòrò ti kúrò, kò pariwo. Ó jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó ń mí sínú, ó ń mí síta, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ló fi lọ́rì agbépákó kó gbogbo àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ wá fún àyẹ̀wò. A rí i lára Mùkáílà, kò sì tíì wọ̀ ọ́ lára púpọ̀. Òun náà gbádùn.

Nígbà tí mò ń fẹ̀yìn tì, ọmọ ọmọ mi kan bi mí pé iṣẹ́ wo gan-an ni mo ṣe. Mo ní mo máa ń lé àwọn èèyàn kiri ìgboro Ìbàdàn títí ara wọn á fi yá.