Sàárà Ẹlẹ́ẹ̀mejì Alhaji Kàfí

Títí di òní, ẹ dárúkọ Alhaji Kàfí ní Woolwich, ní London, ọjọ́ tó wá gba sàárà padà ní mọ́ṣáláṣí ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ.

“Alfa Nurain, ẹ ṣí àpótí. Owó tí mo jù síbẹ̀ lẹ́yìn Jímọ̀ àná, ẹ kó o fún mi.”

“Haa! Alhaji, ta ló ń gba sàárà padà?”

“Mo tún fẹ́ dá a padà síbẹ̀ náà ni. Mi ò kọ orúkọ lánàá.”

Ọ̀rọ̀ náà kò le. Iṣẹ́ àtúnṣe lífìtì, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè ilé, ni Alhaji ń ṣe, ọdún yẹn ni owó tó wọlé fún un kọjá ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn díẹ̀. Bí òbí kan bá sì ti kọjá ibẹ̀, ìjọba ò ní bá wọn dá sí owó nursery mọ́. Habeebah, ọmọ tí Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ lẹ́yìn ìdúró pípẹ́, wà ní nursery ní Plumstead. Bí kò bá lọ mọ́, Saadat ìyàwó rẹ̀ máa fiṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ nìyẹn.

Olúbùsọ́lá, akáńtáǹtì wọn ní Powis Street, ló ní kó fi èyí tó lé ṣàánú kí ọdún owó-orí tó parí. Ìjọba máa yọ ọ́ kúrò nínú owó tí wọ́n ń wò, Alhaji á sì padà sábẹ́ ààlà. Inú Alhaji dùn. Ṣùgbọ́n láti kékeré n'Íbàdàn ni wọ́n ti kọ́ ọ pé sàárà tọ́wọ́ ọ̀tún ṣe, ọwọ́ òsì ò gbọdọ̀ mọ̀. Ó dúró títí gbogbo èèyàn fi lọ tán, ó wá rọra jù ú sínú àpótí.

Olúbùsọ́lá káwọ́ lérí. “Daddy, kò sórúkọ yín níbẹ̀? Wọn ò ní kà á o!”

“Ọlọ́run rí mi.”

“Ọlọ́run kọ́ ló ń gba tax, Daddy.”

Alfa Nurain kọ̀ jálẹ̀, ó ní owó ti di ti Ọlọ́run. Saadat ò pariwo. Ó kàn ní kí wọ́n tètè sọ fóun, kóun lè lọ kọ̀wé sí ọ̀gá òun. Ìyẹn ló dun Alhaji jù. Ó ta Mercedes tó máa ń fọ̀ ní gbogbo Sátidé, ó sì dá sàárà kejì. Ó kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà.

“Ti àkọ́kọ́, ti Ọlọ́run. Tèyí, ti ìjọba. Ẹ má pò wọ́n pọ̀ o!”

Saadat ò fiṣẹ́ sílẹ̀. Bọ́ọ̀sì ni Alhaji wá ń wọ̀ láti Thamesmead, kò sì sẹ́ni tó jókòó tì í tí kò gbọ́ ìtàn náà. Ọkùnrin yẹn lágídí, ó sì lẹ́nu!

Ọdún tó kọjá ló kú. Lọ́jọ́ àdúrà rẹ̀, a ṣì ń fi ìtàn náà rẹ́rìn-ín nígbà tí Habeebah, tó ti wà ní school báyìí, ju owó ọwọ́ rẹ̀ sínú àpótí. Alfa Nurain yọ bírò.

“Ọmọ mi, orúkọ ta ni ká kọ? Tìẹ àbí ti Daddy?”

“Ẹ má kọ nǹkan kan. Daddy ní Ọlọ́run rí i.”

Alfa Nurain ti bírò rẹ̀ bọ àpò. Ẹ̀rín tán lẹ́nu wa, àárò Alhaji sì sọ gbogbo wa.