Ọjọ́ Tí A Gbin Ìrókò Tòun Ti Ọ̀rá

Ọjọ́ tí mo lọ kọ́ àwọn ọmọ abúlé ní ẹ̀kọ́ tí ìyàwó mi kò lè kọ́ wọn mọ́ kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Láti Bódìjà ló ti máa ń lọ sí àwọn iléèwé abúlé, kí ó lè kọ́ wọn nípa ojú ọjọ́ tó ń yí padà àti ìtọ́jú igbó. Oṣù kan lẹ́yìn tí a sin ín, ọ̀gá iléèwé kan pè mí pé àwọn ọmọ ń retí igi tí ìyàwó mi ṣèlérí fún wọn. Mo kó àwọn ìrókò kéékèèké tó gbìn sínú ọ̀rá lẹ́yìnkùlé wa, mo sì lọ.

Mo ka ìwé tí ó fi ń kọ́ wọn sí wọn létí. Lẹ́yìn náà, mo gbin ìrókò kan, wọ́n sì ń ṣe bí mo ti ṣe. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí a parí, ọmọbìnrin kan kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Àǹtí ní ká máa bọ́ ọ̀rá kúrò ká tó gbìn ín. Wọn ò sọ fún yín nílé ni?"

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín.

"Dákẹ́ ẹnu ẹ!" ni ọ̀gá wọn wí. "Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni?"

"Ẹ jẹ́ kó wí," ni mo dáhùn. "Àǹtí yín sọ ọ́ títí. N kò fetí sí i ni."

A hú gbogbo wọn, a bọ́ ọ̀rá, a tún wọn gbìn. N kò sunkún. Díẹ̀ nínú àwọn igi náà kú, ọ̀pọ̀ yè.

Ohun tí n kò lè gbàgbé ni pé àwọn ọmọ wọ̀nyẹn gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó mi jù mí lọ.